Ajá Tánganran Inú Kọ́bọ́ọ̀dù: Ta Ni Yóò Sọ Ìtàn Rẹ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá gba Bẹẹrẹ wọlé, tí ẹ gba ẹsẹ̀ òkè Màpó kọjá, tí ẹ sì já sí Ọjà'ba, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ilé àgbà ní àdúgbò yẹn ni ó ní pálọ̀ kan tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé wọ̀. Inú pálọ̀ náà ni kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì máa ń wà. Nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà ni ẹ ó ti bá àwo tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí, àti ife tí ẹnikẹ́ni kò fi mu tíì rí. Lókè gbogbo wọn ni ẹranko tánganran wà: ajá tó jókòó, ológbò tó ká ìrù mọ́ra, tàbí ẹyẹ tó na ọrùn. Ọmọdé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yóò rí màbo.

Irú ajá bẹ́ẹ̀ kan wà ní ilé wa ní Bẹyẹrunkà. Ìyá tó bí bàbá mi ni ó ni ín. Ìyá Aláàwo ni gbogbo Ọjà'ba mọ̀ wọ́n sí, nítorí àwo àti abọ́ ni wọ́n tà títí ara fi kọ̀. Ajá náà kò ga ju ìgò mínírà lọ. Ara rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ pupa rúsúrúsú. Ó fi ìdí jókòó, ó yíjú sí ọ̀tún bí ẹni pé ẹnìkan pè é láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Àgbà jáde láyé, tí a ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán, àwọn ẹbí jókòó láti pín ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Yàrá kò dá ìjà sílẹ̀. Aṣọ òfì kò dá ìjà sílẹ̀. Iyùn pàápàá, wọ́n pín in tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ajá yìí ni ó fẹ́ tú wa ká.

Bàbá mi kékeré, àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn sọnù. Ajá ni, ère sì ni. Èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ ilé mùsùlùmí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, fò dìde. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa da ọlà nù." Ó ní òun ti rí i lórí fóònù pé wọ́n ta irú ajá yìí ní òkè òkun ní iye tó lè kọ́ ilé. Ó ní òun ti yọjú wo abẹ́ rẹ̀, òun sì rí orúkọ Jámánì níbẹ̀. Àṣé ó ti pe ẹnìkan tó ń ra ohun àtijọ́ kiri, ọkùnrin náà sì ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin náà wọlé, ó gbé ajá, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó pòṣé. Ó ní nǹkan yẹpẹrẹ ni, àánú wa ni òun fẹ́ fi ṣe, kí a gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹnu rẹ̀ ti ń pòṣé ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń ka owó. Ta ní í pòṣé sí ohun tó ń kánjú rà? Àwọn àgbà wo ara wọn lójú, wọ́n ní kó máa lọ ná. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ tí o ń kọ ìwé ìròyìn, lọ bá wa wádìí ohun tí nǹkan yìí jẹ́." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún mi.

ỌBA TÓ FI ỌMỌ OGUN GBA ÀWO

Ohun tí mo rí nìyí. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ará Ṣáínà àti àwọn aládùúgbò wọn nìkan ni ó mọ bí a ti ń ṣe ojúlówó tánganran, èyí tó funfun, tó le, tó sì jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá níbi tó bá ti fẹ́lẹ́. Àwọn ọba Yúróòpù ń rà á ní ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò mọ àṣírí rẹ̀.

Ọba kan wà ní Saxony, ní ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń pè ní Augustus Alágbára. Òun náà ni ó jẹ ọba Póláǹdì. Ìfẹ́ tánganran wọ ọkùnrin yìí lára bí àrùn. Ní ọdún 1717, ó kó ọmọ ogun 600 fún ọba Prussia, ó sì gba ìkòkò àti àwo tánganran Ṣáínà 151 dípò wọn. Ènìyàn 600! Bí ẹnìkan bá dá irú rẹ̀ lábàá níwájú Balógun Ìbàdàn láyé ogun, wọn ì bá ní kí wọ́n tọ́jú orí onítọ̀hún.

Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Johann Friedrich Böttger ń fọ́nnu kiri pé òun lè sọ irin lásán di wúrà. Augustus gbọ́, ó ní kí wọ́n mú un wá, ó sì tì í mọ́lé kó lè máa ṣe wúrà fún òun. Wúrà kò jáde. Ṣùgbọ́n Böttger àti ọ̀mọ̀wé kan, Ehrenfried Walther von Tschirnhaus, ń po amọ̀, wọ́n ń lọ òkúta, wọ́n sì ń fi iná tó gbóná ju iná alámọ̀kòkò lọ fíìfíì sun wọ́n. Ní 1708, tánganran funfun jáde. Ní 1710, ọba dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Meissen. Böttger kò jẹ ìgbádùn rẹ̀ pẹ́. Ó kú ní 1719, kò tíì pé ogójì ọdún. Láti nǹkan bí ọdún 1722 ni ilé iṣẹ́ náà ti ń ya idà méjì aláwọ̀ aró tó dábùú ara wọn sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Àwo nìkan kò tó Augustus. Ó fẹ́ kí ààfin rẹ̀ kan ní Dresden kún fún ẹranko tánganran tó tóbi bí ẹranko gidi. Ní 1731, wọ́n mú agbẹ́gilére kan tó ń jẹ́ Johann Joachim Kändler wá síbi iṣẹ́ náà. Kändler a máa lọ sí ibi tí ọba ń sin ẹranko sí, a máa wo bí wọ́n ti ń dúró àti bí wọ́n ti ń yí ọrùn, kó tó padà wá fi amọ̀ mọ wọ́n. Ó mọ ewúrẹ́ tó ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú, ó mọ ọ̀kín, ó mọ odídẹrẹ́. Àwọn tó tóbi jù sán nínú iná, ojú sísán náà sì wà lára wọn títí dòní. Nígbà tó yá, ó ń mọ àwọn kékeré tí olówó ń tò sórí tábìlì: ajá onímú pẹlẹbẹ, àti ẹgbẹ́ ọ̀bọ tó wọ aṣọ òyìnbó, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n ń fọn fèrè.

Títí ó fi kú ní 1775 ni ó ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí mo ń padà bọ̀ síbẹ̀. Kändler a máa kọ iṣẹ́ tó bá ṣe sílẹ̀ sínú ìwé: ẹranko báyìí, ní oṣù báyìí. Nítorí ìwé yẹn ni ẹni tó mọ̀ ọ́n wò fi lè di ajá kan mú lónìí, kó sì sọ pé, "Kändler ni ó mọ èyí."

BÍ Ó TI DI TI GBOGBO AYÉ

Àṣírí kì í pẹ́ ní ẹnu ènìyàn púpọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi mọ ọgbọ́n náà. Nymphenburg bẹ̀rẹ̀ ní 1747, ilé iṣẹ́ ọba ní Berlin tẹ̀ lé e ní 1763. Láàrin ọdún 1800 sí 1900, ilé iṣẹ́ tánganran pọ̀ ní Thuringia àti Bavaria, wọ́n sì ń ṣe ẹranko kéékèèké ní ọ̀pọ̀ yanturu. Ohun tí ọba fi ọmọ ogun wá kiri di ohun tí ìyàwó oníṣòwò lè rà.

Àwọn oníṣòwò Jámánì kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ọdún 1860 tó dé ni ilé O'Swald láti Hamburg ti ń ṣòwò ní Èkó. Ilé G. L. Gaiser dé lẹ́yìn rẹ̀. Epo àti èkùrọ́ wa ni wọ́n ń kó lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ọjà òkè òkun rí ọ̀nà wọlé sí wa ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwo òkè òkun ti ń di ohun tí a fi ń ṣe ẹrù ìyàwó, àti ohun tí àwọn ìyá wa ń tò sí ìsọ̀ ní Ọjà'ba.

BÍ Ẹ BÁ NÍ IRÚ RẸ̀ NÍLÉ

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo kọ́ fún àǹfààní ẹni tó bá ní irú rẹ̀.

Èkíní, ẹ yí i padà lórí aṣọ tó rọ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí idà méjì, ẹ má tíì jó. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ti fi àmì yẹn tan ènìyàn jẹ.

Èkejì, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1887 àti òfin Amẹ́ríkà ti 1890 ni ó mú kí àwọn ará òkè òkun máa kọ orúkọ ilẹ̀ wọn sí ara ọjà. Nítorí náà, èyí tí ẹ bá rí "Germany" lábẹ́ rẹ̀ kì í sábà dàgbà ju ìgbà náà lọ. Bí ó bá jẹ́ "Western Germany" tàbí "West Germany" ni wọ́n kọ, ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn 1949 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Jámánì pín sí méjì, títí di 1990 tí wọ́n tún di ọ̀kan. Meissen sì wà ní apá ìlà oòrùn nígbà náà. Bí ẹ bá wá rí idà méjì pẹ̀lú "Western Germany" lábẹ́ ajá kan, irọ́ ni àwọn idà náà ń pa.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìka wá ojú àléèbù ní etí, ní ìrù àti ní ẹsẹ̀. Èyí tí wọ́n ti fi àtè lẹ̀ kì í ní iye lórí bí èyí tó pé. Bí ó bá kán lọ́wọ́ yín, ẹ má fi àtè lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì kùn ún. Ẹ kó àfọ́kù rẹ̀ jọ sínú aṣọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá fẹ́ fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára rẹ̀, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì sí ìsàlẹ̀ bàsíà oníke, ẹ bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, kí ẹ fọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo omi gbígbóná, ẹ má sì ha ibi tí wọ́n bá kun wúrà sí. Abẹ́ ni ẹ ó ti gbé e. Ẹ má fi etí tàbí ọrùn gbé e.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má tà á ní ọjọ́ tí ẹni àkọ́kọ́ bá dá owó lé e. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá sì jẹ́ ère igi tàbí ère idẹ àtijọ́ ti àwọn baba wa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Òfin ti wà láti 1979 tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ra irú rẹ̀ tàbí kó o jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ.

ARÁ JÁMÁNÌ TÓ WÁ KÓ TIWA

Ibi tí mo ti ń wádìí ajá tó ti Jámánì wá ni mo ti kan ìtàn ará Jámánì tó wá sí Ìbàdàn. Leo Frobenius ni orúkọ rẹ̀. Ó dé ní 1910 pẹ̀lú ayàwòrán rẹ̀, Carl Arriens. Ó dé ilé òrìṣà Ṣàngó ní Agbẹni, ibi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti Ọjà'ba. Àwọn òpó gbígbẹ́ tó rí níbẹ̀ wú u lórí, ó sì ròyìn wọn sínú ìwé rẹ̀. Ó ra ère, ó ra ohun èlò òrìṣà, ó kó wọn lọ sí Jámánì. Láti Ìbàdàn ó kọjá sí Ifẹ̀. Ohun tó kó níbẹ̀ di ẹjọ́, débi pé Charles Partridge, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní kó dá àwọn kan padà. Orí Olókun tí gbogbo ayé ti gbọ́ nípa rẹ̀ wà lára wọn.

Frobenius yin iṣẹ́ ọwọ́ tó rí ní Ifẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Ó ní láti Atlantis ni ó ti wá, ìlú inú ìtàn tí àwọn Gíríìkì ní ó rì sínú òkun. Ohun tó fa irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀ kò ju pé kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó ṣe é.

Lónìí, bí ẹ bá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun, ẹ ó rí agere Ifá tí ẹlẹ́ṣin rù, ẹ ó rí ọ̀pá Ọ̀sanyìn tí ẹyẹ bà lé. Wọ́n wà nínú gíláàsì bí ajá ìyá wa ti wà nínú gíláàsì. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ kò ju pé Yorùbá ni ó ni ín, a kò mọ ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣe é ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní àdúgbò. Ẹni tó rà á kò béèrè, ẹni tó tà á kò sì sọ. Ìgbà tí àwọn kan béèrè ni ayé tó mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Kändler mọ ajá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, a mọ̀ ọ́n ní ohun tó lé ní igba ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Baba tiwa gbẹ́ ẹṣin, kò sí ẹni tó kọ ọ́, ó di aláìlórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé lọ́kàn padà sí Bẹyẹrunkà.

ỌJỌ́ TÍ A PADÀ JÓKÒÓ

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, gbogbo ẹbí tún jókòó. Mo yí ajá náà padà, mo ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí etí gbogbo wọn: nọ́ńbà kan, àti "Western Germany". Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ti Meissen, kì í ṣe ti Kändler, kò sì tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Owó ilé kò sí nínú rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi rọ. Bàbá mi kékeré ní, "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹ gbé e sọnù."

Ìgbà náà ni Ìyá Kékeré, àbúrò Ìyá Àgbà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, rẹ́rìn-ín láti orí ẹní tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti lọ béèrè ajá yín dé ilẹ̀ òyìnbó. Ẹnìkan nínú yín kò béèrè lọ́wọ́ mi."

Gbogbo wa dákẹ́.

"Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Ìbàdàn ni." Èyíinì ni 1956. "Èmi ni mo bá ẹ̀gbọ́n mi ru igbá lọ sí Gbági láti kó àwo. Wọ́n ti sanwó tán, a ti fẹ́ máa lọ, ni wọ́n rí ajá méjì tó kọjú síra wọn. Iye tí wọ́n pè é tó iye abọ́ méjìlá. Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni yóò ra ajá lọ́wọ́ yín ní Ọjà'ba?' Wọ́n ní, 'N kò rà á fún títà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń tajà, kò sí ohun tí mo fọwọ́ kàn tí kì í ṣe ti ẹni tó máa wá rà á. Èyí, tèmi ni.'"

Ẹnìkan béèrè pé, "Méjì ni wọ́n, Ìyá?"

"Méjì ni. Ọmọdé ọmọ ọdún márùn-ún kan gun àga lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ kí àwọn ajá náà bá ara wọn ṣeré. Ọ̀kan já bọ́, ó fọ́ yángá. Ìyá rẹ̀ kò nà án. Wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀, wọ́n ní, 'A dúpẹ́ pé kì í ṣe ọmọ ni ó ṣubú.'"

Ìyá Kékeré kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, wọn kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi kékeré, àgbàlagbà tó ti kọjá àádọ́rin ọdún, ti dorí kodò. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èmi ni. Wọn kò bá mi sọ ọ́ rí títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ pálọ̀ yẹn, kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ ni mo ń rí. Èyí tí kò sí níbẹ̀ ni." Nígbà náà ni ó yé mi ìdí tí ajá náà fi ń wo ọ̀tún. Èkejì rẹ̀ ni ó ń wò.

Ọkùnrin tó ń ra ohun àtijọ́ padà wá lọ́jọ́ kejì, ó sọ owó rẹ̀ di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Bàbá mi kékeré fúnra wọn ni wọ́n jáde sí i, wọ́n ní kò sí ajá títà ní ilé yìí.

Ajá náà ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Bẹyẹrunkà. Ìwé pélébé kan wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ bàbá mi kékeré ni wọ́n fi kọ ọ́: "Wọ́n ṣe ajá yìí ní Jámánì. Ìyá Aláàwo Ọjà'ba rà á ní Gbági ní 1956, kì í ṣe fún títà. Méjì ni wọ́n. Èmi ni mo fọ́ èkejì." Wọ́n kọ orúkọ wọn sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ àrọ́bá náà kì í dúró de ni títí láé. Ohun yòówù tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé yín, ì báà jẹ́ ajá, ì báà jẹ́ àwo, ì báà jẹ́ ère tí baba ńlá yín gbẹ́, ẹ lọ béèrè lónìí: ta ni ó ṣe é, ta ni ó rà á, ní ọdún wo, kí ni ó sì fà á? Ẹ kọ ọ́ sí ìwé, kí ẹ fi í sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe é kí fídáù tó dé.